Ṣé lóòótọ́ ni àwọn sìmẹ́ǹtì tuntun yìí ò bẹ̀rù iná?

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ààrò búrẹ́dì kan, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ yé èmi fúnra mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan n'Íbàdàn ló ní kí n bá òun kọ́ ọ, ààrò onígi yẹn, ó ti pẹ́ díẹ̀, mi ò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ tinú tẹ̀yìn iṣẹ́ bíríkìlà nígbà yẹn, mo kàn po sìmẹ́ǹtì bí mo ṣe máa ń pò ó fún ilé ni, bàárò yanrìn méjì sí àpò kan, mo fi to búlọ́ọ̀kù, mo sì fi rẹ́ inú ẹ̀ títí tó fi ń dán. Gbogbo èèyàn ló ní ó rẹwà. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìrẹ́ inú ẹ̀ ti ń ṣí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó ń bọ́ sórí búrẹ́dì. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí, ó ní, "Àbúrò, wá wo nǹkan tóo ṣe fún mi o." Mo débẹ̀, mo yọ èyí tó ti ṣí, mo fi òòlù kan èyí tó kù, ó ṣì ń dún bí ohun tó le. Mo ní kí wọ́n má dààmú, pé a máa tún un rẹ́ lẹ́yìn Iléyá. Wọn ò dáná fún bí ọjọ́ márùn-ún, òjò sì rọ̀ dáadáa láàárín ẹ̀. Ọjọ́ tí mo padà débẹ̀, apá tí mo kàn tó dún gbọ́n-ín yẹn ti di lẹ́búlẹ́bú. Mo fi ìka họ ọ́ báyìí, ó ń dà sílẹ̀ bí gààrí.

Ohun tí ò yé mi nìyẹn: ìgbà tí iná wà níbẹ̀ apá yẹn dúró, ìgbà tí iná kúrò ló tó bàjẹ́.

Lóde òní tí mo bá ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń polówó àwọn sìmẹ́ǹtì tuntun, èyí tí wọ́n fi eérú ṣe, èyí tí wọ́n fi amọ̀ sísun ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní geopolymer, pé iná ò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ààrò yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, òótọ́ púpọ̀ tiẹ̀ ni. Àmọ́ wọn ò sọ ọ́ tán, ibi tí wọn ò sọ dé yẹn ló sì lè kó bá onílé. Gbogbo ẹ̀ dá lórí omi: ibi tí omi wà nínú mọ́tà, bó ṣe máa jáde tí ooru bá dé, àti ohun tó máa ṣẹ́kù lẹ́yìn tó bá jáde tán.

Ẹ jẹ́ ká mú Portland ná, sìmẹ́ǹtì lásán tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí Joseph Aspdin gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀ ní ìlú Leeds lọ́dún 1824. Wọ́n máa ń lọ òkúta ẹfun pọ̀ mọ́ amọ̀, wọ́n á sun ún dé nǹkan bí 1450°C, wọ́n á wá lọ̀ ọ́ kúnná. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tí sìmẹ́ǹtì bá gbẹ ló ń le. Rárá o, omi yẹn ló ń mu. Omi tẹ́ ẹ dà sí i wọ inú ẹ̀ lọ, ó di ara ẹ̀, bí ìgbà téèyàn bá tẹ ẹ̀bà, ẹ ò rí omi yẹn lójú mọ́ àmọ́ òun ló sọ gààrí di ẹ̀bà. Nínú mọ́tà tó ti le, omi kan wà tó kàn sá pamọ́ sínú ihò wẹ́wẹ́ bí omi inú kànìnkànìn, òmíràn wà lára lẹ́ẹ̀ tó so gbogbo ẹ̀ pọ̀, òmíràn sì wà lára láìmù, kì í ṣe èso o, nǹkan funfun tó ń ti ara òkúta ẹfun wá ni. Láìmù yìí ni kẹ́ ẹ fojú sí. Bí Portland bá ti pàdé omi, yàtọ̀ sí lẹ́ẹ̀ gidi tó ń ṣe, ó tún máa ń bí láìmù, ó sì lè tó bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo lẹ́ẹ̀ náà, kò fi bẹ́ẹ̀ fi agbára kún ilé, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí rọ́ọ̀dù inú kọnkéré dípẹtà.

Iná wá dé. Omi inú ihò ló kọ́kọ́ ń lọ, láti bí 100°C sókè. Títí dé nǹkan bí 200 tàbí 300, mọ́tà lè má ṣe nǹkan kan, ó tiẹ̀ lè le sí i díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ògiri ìdáná ilé wa ò fi ń wó. Tó bá kọjá 300, omi ara lẹ́ẹ̀ ti ń lọ gan-an, lẹ́ẹ̀ ń súnkì, ó ń sán wẹ́wẹ́. Tó bá wá di 400 sí 500°C, láìmù yẹn á tú omi ara ẹ̀ sílẹ̀, á padà di láìmù gbígbẹ, irú èyí tẹ́ ẹ bá da omi sí tó máa ń hó yẹ́ẹ́ yẹn. Á wá jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀. Tí iná bá kú, tójò rọ̀, tàbí tó jẹ́ omi ni wọ́n fi paná, tàbí kó kàn jẹ́ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lásán, láìmù gbígbẹ yẹn á tún fa omi mu, á wú, á sì máa ti gbogbo ohun tó yí i ká. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ààrò ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn láàárín ọjọ́ márùn-ún tí wọn ò dáná. Ìdí nìyẹn náà tí ilé tó jóná, tó dúró digbí lọ́jọ́ tí iná kú, fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í rún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kun ọ̀dà sí i kẹ́ ẹ kó padà wọlé lọ́jọ́ kejì, ẹ má dá a lóhùn.

Iná ilé ò sì kéré o. Ìlànà ISO 834 tí wọ́n fi ń dán nǹkan ìkọ́lé wò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ooru ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé nǹkan bí 840°C nígbà tó bá pé ìṣẹ́jú 30, tó bá pé wákàtí kan á ti lé ní 940. Ẹ rántí àwọn ilé tó jó ní ọjà Balógun l'Ékòó ní November 2019, ilé gogoro tí wọ́n kó ọjà kún, iná irú ibẹ̀ kì í tán ní wákàtí kan. Kọnkéré tó nípọn ń gba ara ẹ̀ là díẹ̀ torí ooru kì í tètè wọ inú ẹ̀, àmọ́ mọ́tà ìrẹ́ tí ò ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, kí ló fẹ́ fi sápamọ́? Rọ́ọ̀dù tó bò mọ́lẹ̀ yẹn náà, tí ooru bá dé bí 550 sí 600°C lára ẹ̀, bí ìdajì agbára ẹ̀ ti lọ nìyẹn nígbà tí iná ṣì ń jó.

Wàhálà kan tún wà tí kì í dúró dọjọ́ kejì. Ẹ wo gúgúrú. Omi díẹ̀ wà nínú àgbàdo yẹn, èèpo ẹ̀ le, kò sí ihò lára ẹ̀. Ooru sọ omi yẹn di sítíìmù, kò rọ́nà jáde, ó bẹ́. Mọ́tà àti kọnkéré tó dì jù, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń ṣe. Èyí tí wọ́n pò yẹpẹrẹ, tó ní ihò káàkiri, sítíìmù á rí ibi gbà, èyí tí wọ́n ṣe dáadáa tó le bí òkúta ló ń bẹ́ pàù pàù. Mo mọ̀ pé ó ṣòroó gbà, àwa tí wọ́n ti kọ́ pé kọnkéré tó bá ti le ló dáa. Àmọ́ ní November 1996 iná sọ nínú ọ̀nà abẹ́ òkun tó so England pọ̀ mọ́ Faransé, kọnkéré tó le gan-an ni wọ́n fi ṣe ara ọ̀nà yẹn, ńṣe ló ń bẹ́ kúrò lára ògiri títí ó fi ku fẹ́lẹ́ láwọn ibì kan. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i báyìí ni pé wọ́n máa ń po òwú rọ́bà tín-ín-tìn-ìn-tín, polypropylene, mọ́ kọnkéré, tó bá ti gbóná dé bí 160 sí 170°C òwú yẹn á yọ́, á fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ fún sítíìmù. Àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Ìpetumodù ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ èyí fún wọn, wọ́n mọ̀ pé ìkòkò tí ò bá gbẹ dénú, tẹ́ ẹ bá gbé e sínú iná, ẹ̀ ń gbọ́ ìró ẹ̀ láìpẹ́.

Ó tún ku yanrìn, èyí tí ọ̀pọ̀ ò kà sí. Àwa ń pè é ní mọ́tà sìmẹ́ǹtì, àmọ́ yanrìn ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ó máa ń tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Yanrìn odò tiwa yìí, òkúta tí wọ́n ń pè ní quartz ló kún inú ẹ̀, quartz sì ní ìwà kan, tó bá ti dé 573°C ara ẹ̀ á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, á wú. Sìmẹ́ǹtì yòówù kẹ́ ẹ fi so ó pọ̀, olówó gọbọi tàbí ọ̀pọ̀, bí yanrìn inú ẹ̀ bá wú, lẹ́ẹ̀ tó dì í mú á sán. Tí ẹnì kan bá ń ta "mọ́tà tí iná ò lè jó" fún yín, tẹ́ ẹ wá rí i pé yanrìn odò ló ń pò mọ́ ọn, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa pin sí.

Ó wá kan àwọn sìmẹ́ǹtì tuntun. Ẹ kọ́kọ́ wo ara àpò tẹ́ ẹ̀ ń rà ná, ẹ máa rí CEM II àti 42.5, nọ́ńbà agbára ẹ̀, lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. CEM II yẹn ń sọ fún yín pé kì í ṣe Portland pọ́ńbélé, wọ́n ti po nǹkan mìíràn mọ́ ọn, tibí sábà máa ń jẹ́ òkúta ẹfun lílọ̀. Torí náà sìmẹ́ǹtì àpòpọ̀ kì í ṣe àjèjì, a ti ń fi kọ́lé tipẹ́.

Amọ̀ sísun àti eérú èèpo ìrẹsì, ìdílé kan náà ni wọ́n. Tẹ́ ẹ bá sun amọ̀ funfun, kaolin, dé nǹkan bí 700 sí 850°C, tàbí tẹ́ ẹ bá sun èèpo ìrẹsì láì jẹ́ kí ooru ẹ̀ kọjá bí 700, ohun tó kù á máa wá láìmù kiri bí ẹni tébi ń pa. Ẹ pò ó mọ́ Portland, á jẹ láìmù yẹn, á sì sọ ọ́ di lẹ́ẹ̀ gidi. Ẹ ti rí èrè ẹ̀ tí iná bá dé: láìmù tó fẹ́ wú lọ́jọ́ kejì iná ti dín kù gidigidi. Ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní LC3 wà, Karen Scrivener àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Switzerland, Cuba àti India ló jọ ṣe é, ìdajì péré ni klíńkà inú ẹ̀, ìyẹn Portland tí wọ́n ti sun tán tí wọn ò tíì lọ̀, 30% amọ̀ sísun, 15% òkúta ẹfun, 5% jípúsọ́ọ̀mù. Ní Cuba ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì gidi, ní Siguaney, lọ́dún 2013. Inú mi dùn sí i, torí amọ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà, kò sì gba iná tó iye tí klíńkà ń gbà.

Àmọ́ ẹ rántí gúgúrú. Lẹ́ẹ̀ tó ti jẹ láìmù tán yẹn, ó dì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ihò inú ẹ̀ kéré jọjọ, sítíìmù ò tètè rọ́nà. Tí ooru ẹ̀ bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó sàn ju Portland lásán lọ. Tó bá jẹ́ iná òjijì lára mọ́tà tó ṣì tutù nínú, ó lè bẹ́ ju Portland lásán lọ. Ohun kan náà tó gbà á lẹ́yìn iná ló lè pa á nígbà iná.

Geopolymer ni wọ́n ń pariwo ẹ̀ jù. Joseph Davidovits, ará Faransé, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn láàárín àwọn ọdún 1970. Kò pọn dandan kí Portland wà nínú ẹ̀ rárá. Amọ̀ sísun, tàbí eérú èédú láti ilé iṣẹ́ iná mànàmáná, tàbí ìdàrọ́ irin ni wọ́n ń lọ̀ tí wọ́n á fi omi kẹ́míkà pò, sódà tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò yẹn pẹ̀lú sodium silicate, ó sì ń jó ọwọ́ o, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án, ẹ sì wọ gíláàsì ojú. Nǹkan gidi ni, pápá ọkọ̀ òfurufú Wellcamp ní Australia, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2014, irú kọnkéré yìí ni wọ́n fi tẹ́ púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí bàálù ń rìn lórí ẹ̀.

Èyí tí wọ́n fi amọ̀ tàbí eérú èédú ṣe kì í bí láìmù, torí náà kò sí ohun tó máa wú lẹ́yìn iná. Omi inú ẹ̀ náà, púpọ̀ nínú ẹ̀ ò di ara ẹ̀ bíi ti Portland, ó kàn bá a ṣiṣẹ́ ni, tó bá jáde egungun ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti eérú èédú tiẹ̀ máa ń ní ojú ọ̀nà tín-ín-rín káàkiri inú ẹ̀ tí sítíìmù ń gbà, tí ooru bá wá dé bí 800°C àwọn hóró tí ò tíì yọ́ nínú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra bí ìkòkò tí wọ́n sun jinná, agbára ẹ̀ lè pọ̀ sí i dípò kó dín kù. Ibi tí ìpolówó ti wá nìyẹn, irọ́ sì kọ́.

Ṣùgbọ́n a ò ní eérú yẹn lọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, gáàsì àti omi ló ń fún wa ní iná mànàmáná, kì í ṣe èédú. Amọ̀ la ní. Geopolymer alámọ̀ sì máa ń fẹ́ omi púpọ̀ kó tó ṣeé pò, omi yẹn á jáde tí ooru bá dé, lẹ́ẹ̀ á súnkì gan-an, á sán. Ti ìdàrọ́ irin ní tiẹ̀, kálíṣíọ́ọ̀mù kún inú ẹ̀, ìwà ẹ̀ nínú iná sún mọ́ ti Portland ju bí orúkọ ẹ̀ ṣe dún lọ. Gbogbo wọn ló sì ń pàdé yanrìn: lẹ́ẹ̀ geopolymer ń súnkì, yanrìn ń wú, ọ̀kan ń fà síbí, èkejì ń tì sọ́hùn-ún. Ìdí nìyẹn tí lẹ́ẹ̀ nìkan fi lè le sí i nínú iná, kí mọ́tà tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀ yẹn gan-an pò sì dẹ̀, kọnkéré tó ní gíráńáìtì gbẹ̀ǹgbẹ̀ tún lè burú jùyẹn lọ. Torí náà tẹ́nì kan bá fi ìwé àyẹ̀wò hàn yín, ẹ bi í léèrè, lẹ́ẹ̀ lásán lẹ sun ni àbí mọ́tà tó ní yanrìn nínú? Ìbéèrè kan yẹn tó.

Ọ̀kan tún wà tí kì í ṣe tuntun, àmọ́ ìtàn ẹ̀ ló máa ń bà mí lẹ́rù jù. Sìmẹ́ǹtì alúmínà. Jules Bied, ará Faransé, ló gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀ lọ́dún 1908. Kì í bí láìmù, ó ń le láàárín ọjọ́ kan, tẹ́ ẹ bá sì fi bíríkì iléru tí wọ́n lọ̀ rọ́pò yanrìn odò, òun ni wọ́n fi ń rẹ́ inú iléru tó ń gbóná kọjá 1000°C. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ láàárín bí 400 sí 900, kó tó wá gbóná débi tó ti máa jinná bí ìkòkò. Nígbà kan, torí pé ó ń tètè le, wọ́n fi ń ṣe bíìmù ilé ní Britain. Ní June 1973 òrùlé gbọ̀ngàn ilé ìwé kan wó ní Camden, ní February 1974 ti ilé ìlúwẹ̀ẹ́ ilé ìwé mìíràn wó ní Stepney, London náà ni. Iná ò sún mọ́ ibẹ̀. Ara ohun tó fà á ni pé sìmẹ́ǹtì yìí máa ń yí padà nínú díẹ̀díẹ̀, nǹkan tó kọ́kọ́ di nígbà tí wọ́n pò ó á tún ara ẹ̀ tò, á kéré sí i, á fi ihò sílẹ̀, agbára á lọ, ibi tó bá sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó tún ní ọ̀rinrin, kíá ni. Ẹ wò ó, ohun tó gba iná iléru, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ilé ìlúwẹ̀ẹ́ ló mú un. Èèyàn wá fẹ́ fi ṣe bíìmù l'Ékòó, níbi tí 30°C àti ọ̀rinrin jẹ́ tojoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kó dúró sínú ààrò.

Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní CSA, calcium sulfoaluminate, tí wọ́n ti ń lò ní Ṣáínà láti àwọn ọdún 1970, ó yára, èéfín tó ń tú jáde níbi tí wọ́n ti ń ṣe é ò sì tó ti Portland, àmọ́ ohun tó so ó pọ̀ ti ń tú omi sílẹ̀ láti bí 100°C, torí náà ẹ má fi ṣe nǹkan tó máa rí iná rárá. POP òrùlé yín ní tiẹ̀, bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀ ni omi, tí iná bá dé omi yẹn á máa jáde, á máa gba ooru lọ́wọ́ iná, ó ń fi ara ẹ̀ jìn kí òrùlé lè pẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á di ìyẹ̀fun.

Tí iná bá ti jó ilé yín, tàbí ti ẹni tẹ́ ẹ mọ̀, kẹ́ ẹ tó pe bíríkìlà ẹ pe ẹnjiníà. Kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ẹ lè wo àwọ̀: kọnkéré tó ti pọ́n rúsúrúsú sábà máa ń jẹ́ èyí tó ti kọjá 300°C, tó bá ti ń funfun bí eérú ó ti rí jùyẹn lọ. Kì í ṣe gbogbo yanrìn ló ń pọ́n o, torí náà tí kò bá pọ́n, ìyẹn ò ní kó dáa. Ẹ fi òòlù kàn án, tó bá dún bòbò, ẹ má sùn sábẹ́ ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì tún un kàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí láìmù.

Ààrò ẹ̀gbọ́n mi, mo wó inú ẹ̀ tán pátá. Mo fi Portland sílẹ̀ ní ìta níbi tí ooru ò tó nǹkan, inú, mo fi bíríkì pupa tò ó, mo fi amọ̀ pupa so ó pọ̀, dípò yanrìn mo ní kí wọ́n bá mi gún àpáàdì, ìkòkò fífọ́ tó ti rí iná rí, torí ohun tó ti jinná kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà mọ́. Ọjọ́ kejì tí mo parí ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti po ìyẹ̀fun. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká fi igi wẹ́wẹ́ dáná jẹ́jẹ́ ná, ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Inú wọn ò dùn, àmọ́ wọ́n gbà. Ọjọ́ kẹta, omi bẹ̀rẹ̀ sí í là jáde lára ògiri ìta, ó ń kán tó, tó, tó sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀. Mo pè wọ́n wá wò ó. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n ní, "Ṣé gbogbo omi yìí ló wà nínú ẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ọjọ́ kẹjọ la tó ki búrẹ́dì àkọ́kọ́ bọ inú ẹ̀.